Ohùn Ìyá Mi Nínú Síídì

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni ìyá wa máa ń kọrin fún wa, bẹ́ẹ̀ ó ti kú tipẹ́. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán, bàbá mi yóò fi aṣọ funfun kan nu ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi nu nǹkan mìíràn. Yóò yọ síídì náà nínú ike rẹ̀, yóò fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, yóò sì rọra tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ. Èmi àti àbúrò mi obìnrin á jókòó sórí ẹní. A kò gbọ́dọ̀ wúkọ́. Àwọn akọrin á kọ orin mẹ́ta, a ó máa dúró dè wọ́n kí wọ́n parí. Nínú ẹ̀kẹrin, gbogbo wọn á dákẹ́, obìnrin kan á sì dá ẹsẹ kan kọ, ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo díẹ̀, tí kì í kánjú. Bàbá mi á dijú.

"Ìyá yín nìyẹn," ni yóò wí.

Àbúrò mi á dìde, á lọ fi etí lé ara sípíkà. Kò mọ ìyá wa rárá. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ó kú. Èmi ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún, nǹkan tí mo sì rí dì mú lára rẹ̀ kò pọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń lọ tó ń bọ̀, òórùn aṣọ tuntun, ìgbà kan tí ó nà mí nítorí pé mo gé léèsì oníbàárà ní àlùmọ́gàjí. Ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n máa wá a nínú orí mi, kí n rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ní jáde. Nítorí náà, síídì yẹn ni ìyá mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fadá òyìnbó kan ló gba orin náà sílẹ̀, nígbà tí ìjọba sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń fún àmùrè nítorí ọ̀wọ́n owó. Ọjọ́ àjọ̀dún ní erékùṣù Topo ni. Ó ní òun kò lè gba orin sílẹ̀ ní ìgboro Badagry, nítorí jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù kì í jẹ́ kí etí sinmi, àfi kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù náà, níbi tí kò sí ju afẹ́fẹ́ àti adìyẹ lọ. Ẹ̀rọ tí ó gbé lọ kò tóbi ju Bíbélì. Wọ́n ní kì í ṣe irú kásẹ́ẹ̀tì tiwa. Nọ́ńbà ni ó ń sọ ohùn dà, tí ó sì ń tò wọ́n pa mọ́. Nígbà tí ó padà sílùú rẹ̀, ó fi síídì bíi mélòó kan ránṣẹ́. Ta ló ní ẹ̀rọ tí yóò lù ú ní Badagry ìgbà yẹn? Ẹnìkan fi tirẹ̀ kọ́ ògiri bíi dígí. Ẹlòmíràn so tirẹ̀ mọ́ igi nínú oko àgbàdo kí ó lè máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ló lọ sí Cotonou tó lọ ra ẹ̀rọ síídì.

Ará Èkìtì ni bàbá mi. Iṣẹ́ omi ìjọba ló gbé e wá sí Badagry, òun àti ìyá mi. Nígbà tó yá, ìjọba ní òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà ni nǹkan ilé wa ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíríìjì lọ. Tẹlifíṣọ̀n lọ. Àga onítìmùtìmù lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí ẹní. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ síídì náà fọ́, tí kò lè ka nǹkan mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ló lọ, kí a lè fi owó rẹ̀ tún un ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi gbé mi lé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè bá ọ sọ̀rọ̀. Èyí ló ń sọ̀rọ̀." Mo gbà fún un. Ọmọdé ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Bí kò bá sí iná, tí kì í sì í sí, bátìrì mọ́tò ni a máa ń yá lọ́dọ̀ aládùúgbò kí ìyá wa má baà dákẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Ìyá Àjárá wàyí. Ará Àjárá ni, Ègùn pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ wa. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, ó máa ń gbé ẹja wá fún wa, ó máa ń fọ aṣọ àbúrò mi. Nígbà tí ó ṣe, ó kó ẹrù rẹ̀ wá, fadá sì so òun àti bàbá mi pọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó tọ́jú wa. "Ovi ṣie" ni ó máa ń pè wá ní èdè rẹ̀, ọmọ mi, kò sì sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ìgbà tí mo ní ibà, òun ló gbé mi pọ̀n lọ sí ọsibítù, èmi tí ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀.

Nǹkan kan péré ni n kò fẹ́ràn lára rẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ funfun yẹn, Ìyá Àjárá á dìde, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Á ní òun fẹ́ lọ ha ẹja. Bí kò bá sí ẹja, á lọ máa fọ ìkòkò tó ti mọ́. Títí orin á fi tán, a kò ní rí i. Mo máa ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Mo ní ó ń jowú òkú. Ohun mìíràn tún ni pé kì í kọrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ènìyàn bá ń pariwo orin, ìwé orin tirẹ̀ á wà ní pípa dé lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé, ìyá mi ló lóhùn, ìwọ kò ní. Ó yẹ kí ó dùn ọ́.

Mo jáde ilé ìwé girama ní ìgbà tí ìjọba àwọn sójà ti gbó, tí kò sì fẹ́ lọ. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ń yanṣẹ́ lódì, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà lọ. Mo ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan ní ẹ̀bá ọ̀nà Sèmè, tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀: rédíò, sípíkà, ẹ̀rọ síídì, gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ti lò sú tí wọ́n kó wá sí Cotonou. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀rọ tiwa kú pátápátá. Kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bàbá mi jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ funfun yẹn di síídì náà, tó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Máa fi dán èyí tí ẹ̀ ń tà wò," ni ó wí. "Èyí tó bá gbé ohùn ìyá rẹ jáde dáadáa, òun la ó rà. Ọ̀gá rẹ á jẹ́ kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké máa ń gbé ohùn rẹ̀ mì."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi rán mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò. Bí ọjà bá ti dé, tí ọ̀gá mi so wáyà tán, èmi ni mo ń fi síídì sí i. Nínú rédíò oníke kan, ìyá mi ń kọrin bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú agolo. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ní sípíkà gíga méjì. Nínú ìyẹn, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń lu ilẹ̀ gììrì, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sábẹ́ wọn. Nínú ẹ̀rọ mọ́tò kan tí ọ̀gá mi so mọ́ bátìrì, ó jọ ọmọge. Nínú òmíràn tí ìdí sípíkà rẹ̀ ti ya, ó ń gbọ̀n, ó jọ pé ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Orin kan náà ni, ẹsẹ kan náà. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ẹni tí kò ní ìyá rárá wá di ẹni tó ní ìyá mélòó kan lọ́sẹ̀.

Ọ̀gá mi, ọmọ Badagry gan-an, tí Faransé àti Ègùn máa ń dàpọ̀ mọ́ Yorùbá rẹ̀, ló là mí lóye. Mo bi í léèrè bóyá síídì náà ti gbó ni ohùn fi ń yí padà.

"Non, non," ni ó wí. "Kásẹ́ẹ̀tì ni í gbó. Bí o bá dà á kọ sínú òmíràn, ó ti jẹ nínú ohùn. Bí o tún dà á kọ, ó tún jẹ. Èyí kì í jẹ nǹkan kan. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú máìkì òyìnbó yẹn ní Topo, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti afẹ́fẹ́, àti èémí. Ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí o gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìyá mi ló wà níbẹ̀, kò dín, àwa ni a kò tíì rí ẹ̀rọ tó tó gbé e jáde. Bóyá ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó kọrin. Bóyá ó pe ẹnìkan lórúkọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí ó sọ̀rọ̀, ìbá à ṣe ọ̀rọ̀ kan péré.

Wọ́n ti ẹnubodè pa ní ọ̀sẹ̀ kan, sójà kún ojú ọ̀nà, kò sí oníbàárà. Ọ̀gá mi sùn sórí àga. Nínú ẹrù tó dé kẹ́yìn, íáfóònù ńlá kan wà, irú èyí tó máa ń bo gbogbo etí, tí awọ rẹ̀ ti ń bó. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi síídì sí i, mo dijú bí bàbá mi ti máa ń ṣe.

Topo ni mo bá ara mi. Mo ń gbọ́ omi tó ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀. Adìyẹ kan ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnìkan ṣí ìwé orin. Lẹ́yìn orin kẹta, níbi tí ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ nílé wa, kò dákẹ́ rárá. Àwọn ènìyàn ń sún ẹsẹ̀, wọ́n ń mí. Obìnrin kan súnmọ́ tòsí, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi la ọ̀nà ọ̀fun, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wí ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbé itọ́ mì ná."

Ọkùnrin kan dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èémí lásán. "Kọ ọ́ fún mi," ni ó wí.

Obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ tirẹ̀.

N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ikọ́ ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni Ìyá Àjárá máa ń wú kí ó tó kan ilẹ̀kùn yàrá wa láràárọ̀. Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orí ara mi. Ọkùnrin yẹn, bàbá mi ni, ẹni tó rán mi níṣẹ́.

Mo gbọ́ ọ títí ó fi parí, mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Mo ń wá ibi tí mo lè gbà jiyàn. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi, ìbínú ni. Gbogbo Sọ́ńdè wọ̀nyẹn! Àbúrò mi pẹ̀lú etí rẹ̀ lára sípíkà!

Síbẹ̀, ènìyàn máa ń fẹ́ kí nǹkan má rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìyá mi náà wà níbẹ̀, láàárín àwọn tó gbè é. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwòró, níbi tí màmá àgbàlagbà kan ń gbé, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà. N kò sọ ohun tí mo gbọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Màámi, lọ́jọ́ tí ẹ lọ gba orin sílẹ̀ ní Topo, ibo ni ìyá mi jókòó sí nínú ọkọ̀?"

Màmá náà rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ wo? Ta ló máa gbé e wọ ọkọ̀? Ìyá rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ? Ogójì ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé nígbà yẹn. Ìyá onílé yín ì bá gbé orógùn lé e padà." Ó tún ní, "Àti pé kí ló fẹ́ lọ ṣe? Kò sí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá rẹ ò lè kọrin, Jiwheyewhe, Ọlọ́run, foríjì mí." Nígbà náà ni ó wo ojú mi, ó sì fa ọwọ́ mi kí n dìde.

Kò sí ọmọ Badagry tí kò mọ èyí. Ẹni tó bá bímọ kì í sọdá ọ̀sà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ègùn ni o, Yorùbá ni o, onígbàgbọ́ ni o, kò sí ẹni tó ń bá ìyá onílé jiyàn lé e. Èmi fúnra mi ti dúró ní etí omi rí kí n gba ẹrù fún ìyá ọmọ tuntun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Mo mọ oṣù tí wọ́n bí àbúrò mi, ọdọọdún la ń ṣe é. Mo mọ ìgbà tí àjọ̀dún Topo máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò sí tí mo fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bàbá mi ará Èkìtì ló pa irọ́ tí ọmọ Badagry kankan kò yẹ kó gbà, èmi ọmọ Badagry sì gbà á. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìyá mi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ tuntun ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé "kọ ọ́ fún mi."

Ọ̀sán ni mo délé. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àjárá ń ha ẹja lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ wo lo rí?" ni bàbá mi bi mí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọmọdé.

"Mo rí èyí tó gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Bàbá, ta ló ń kọrin nínú síídì yìí?"

"Ìyá rẹ ni. Irú ìbéèrè wo..."

"'Kọ ọ́ fún mi,'" ni mo wí. Mo rọra sọ ọ́, bí òun náà ti sọ ọ́.

Ó jókòó. Ọ̀bẹ dákẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ó ní èmi ni mo bi òun léèrè. Ó ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, òun ń gbọ́ síídì náà, mo wọlé, mo sì bi òun pé ṣé Màámi ló ń kọrin. "O ti ń sunkún láti àárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O dákẹ́. O sùn lọ sí ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì o ní kí n tún gbé Màámi sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀," ni mo wí. Mo ń pariwo wàyí, èmi tí n kò gbé ohùn sókè sí i rí. "Ohun tó fọwọ́ kàn, tó fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ tà á, kí ẹ lè máa gbọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbọ́! Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ orin, àwa là ń ṣọ̀fọ̀!"

Ìyá Àjárá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ń wo ilẹ̀. "Ovi ṣie, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa irọ́ yẹn mọ́," ni ó wí. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ fún ẹ pé ìyá rẹ ló ń kọrin, ọjọ́ náà ni mo pa ẹnu mi dé. Mi ò lè máa kọrin nílé yìí kí ẹ gbọ́." Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò sì wọlé. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n kò dín ìbínú mi kù. Òun náà mọ̀ ní gbogbo ọdún yẹn.

Mo kọjú sí bàbá mi. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbàgbọ́ pé ó lè fún mi, nítorí pé òun ló fẹ́ ẹ, òun ló bá a jí, tó bá a sùn.

"Ẹ sọ fún mi bí ohùn rẹ̀ ṣe rí," ni mo wí. "Màámi gan-an. Bí ó bá ń pè mí, báwo ni ó ṣe máa ń pè mí?"

Bàbá mi wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo sì rí i pé ó ń wá a tọkàntọkàn, bí èmi náà ṣe máa ń wá a ní kékeré.

"Mi ò rántí," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo ti ń gbìyànjú tipẹ́. Bí mo bá rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, èyí tó wà nínú síídì yẹn ni mo máa ń gbọ́."